Ẹran Imú Tó Dí Mi Létí

Nígbà ìjọba ológun, tí mo ń ránṣọ ní Iba, ihò imú mi méjèèjì dí fún bí ọdún mẹ́ta. Ẹnu ni mo fi ń mí. Lẹ́yìn náà ni etí mi bẹ̀rẹ̀ sí í dí. Oníbàárà á ní apá gígùn lòun fẹ́, èmi á rán péńpé.

Akọrin ni mí ní ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun kan ní Okokomaiko. Nígbà tí ohùn mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣì, ìyá tó jẹ́ olórí akọrin kò bi mí léèrè. Níwájú ìjọ ló ti sọ pé, "Ìgbéraga ló dí ẹ létí. Àgbà á pè ẹ́, o ò ní dáhùn." Ó yọ mí kúrò láàárín akọrin, ó ní kí n máa gbálẹ̀. Oṣù méje ni mo fi gbálẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló fà mí lọ sí ọsibítù. Dókítà tanná wo imú mi, ó wo etí mi.

"Àǹtí, ẹran ló hù sí yín nímú, ó ń dán bí ara àgbálùmọ̀ tí wọ́n bó. Ọ̀nà tóóró kan wà láti ẹ̀yìn imú lọ sínú etí, ibẹ̀ ni atẹ́gùn ń gbà. Ẹran yìí ti dí i, omi wá dúró sẹ́yìn awọ etí."

Wọ́n gé ẹran náà, wọ́n fa omi etí. Kò pẹ́ tí mo fi ń gbọ́ ìró ọ̀bẹ tí aládùúgbò mi fi ń rẹ́ ilá.

Mo lọ ṣàlàyé fún ìyá náà. Ó wo àwọn obìnrin tó yí i ká.

"Imú lo fi ń gbọ́rọ̀ ni?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Mo bá wọn rín in.

Nígbà tí ìkórè kù díẹ̀, ẹni tó yẹ kó dá orin rìnrìn àjò. Ìyá wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. "Wá bá wa dá orin. Ọlọ́run ti dárí jì ẹ́."

Ọ̀rọ̀ ìdáríjì yẹn ló dùn mí jù. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ ṣé, mà."

Lọ́jọ́ ìkórè, níwájú àwọn àlejò láti Ijanikin, ìlù dákẹ́ kí n lè dá orin. Mo pa ẹnu mi dé.

"Dá a," ìyá sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Mo gbọ́. Ó tún un sọ. Mo gbọ́ ìyẹn náà. Nígbà tó fipá dá a fúnra rẹ̀, ohùn rẹ̀ há, àwọn àlejò ń wo ara wọn.

Mo bá ẹnu ọ̀nà jáde. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ránṣẹ́ pé kí n wá tọrọ àforíjì, mi ò lọ. Mo gbọ́ pé ìyá náà sunkún. Ó dùn mọ́ mi nígbà náà, ó ṣì ń dùn mọ́ mi.