Bíárìn Tánganran Inú Kẹ̀kẹ́ Bàbá

Òórùn kẹrosíìnì àti ti kòkó tí wọ́n sá sẹ́yìnkùlé ni mo fi ń mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀rùn ti dé nílé wa ní Odigbo. Bàbá mi, tí wọ́n ti apá Ẹdẹ wá dáko, á dojú kẹ̀kẹ́ ológeere wọn délẹ̀, wọ́n á tú họ́ọ̀bù àárín táyà, wọ́n á kó àwọn bíárìn róbótó onírin inú rẹ̀ sínú agolo kẹrosíìnì, wọ́n á fọ̀ wọ́n, wọ́n á wá fi gírísì tuntun tò wọ́n padà. Kẹ̀kẹ́ yẹn ló ń gbé wọn lọ sóko lọ́nà Araromi-Obu. Láti ọjọ́ tí ọlọ́kadà kan ti gbé wọn ṣubú sí kòtò ni wọ́n ti búra pé àwọn ò ní jókòó sẹ́yìn ẹnikẹ́ni mọ́.

Àfi bí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ṣe ti Àbújá dé. Ó yẹ kí n máa pè é ní “wọ́n”, ẹnu mi ló kọ̀. Ìwọ náà mọ irú wọn: àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ lórí ọ̀dà ní Sátidé, tí ṣòkòtò á fún mọ́ wọn nítan, tí wọ́n á ti ya fọ́tò tán kí wọ́n tó làágùn. Ó pẹ́ tó ti wálé kẹ́yìn, bíárìn ló sì mú bọ̀, funfun báláú, tánganran bíi ti àwo.

“Bàbá, ayé ti kúrò níbi irin. Seramíìkì lèyí. Kì í dípẹtà, kì í gba gírísì.”

Ó da bíárìn onírin Bàbá sínú igbó, ó pòṣé tẹ̀ lé e, ó sì fi àkísà nu gírísì inú họ́ọ̀bù kúrò tónítóní kó tó to tánganran tirẹ̀ síbẹ̀. Mo bi í pé ẹrẹ̀ ọ̀nà oko ńkọ́. Ó ní, “Tíṣà, lọ kọ́ àwọn ọmọ rẹ níwèé.” Bàbá mọ̀ pé kò dáa, mo rí i lójú wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí arákùnrin náà lọ tán tí mo gbé gírísì dé, wọ́n ti ọwọ́ mi sẹ́yìn.

“Fi í sílẹ̀. Ọmọ mi ló rà á fún mi.”

Òjò dé. Ẹrẹ̀ àti yanrìn wọ inú họ́ọ̀bù gbígbẹ yẹn. Tánganran le ju irin lọ, òun àti yanrìn wá jọ ń lọ irin họ́ọ̀bù tó jókòó sí bí ẹni lọ ata. Kẹ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mì, títí kò fi ṣeé gùn mọ́. Nígbà tí atúnkẹ̀kẹ́ tó wà ní Ore tú u, inú họ́ọ̀bù ti jẹ tán. Ó ní irú rẹ̀ ò sí lọ́jà mọ́. Mo ní kí n ra kẹ̀kẹ́ mìíràn, Bàbá ní àwọn ti dàgbà kọjá ẹni tí ń kọ́ kẹ̀kẹ́ tuntun.

Mo ya fọ́tò ohun tó bàjẹ́ ránṣẹ́ sí ọ̀gbẹ́ni Àbújá náà. Èsì tó fún mi nìyí: “Ṣé o rí i? Kò sí àpá kankan lára bíárìn mi.”

Òótọ́ ló sọ. Ẹ̀gbọ́n mi gan-an nìyẹn: kì í ní àpá, ibi tó bá wọ̀ ló máa ń jẹ.

Ẹ̀yìn ọlọ́kadà ni Bàbá ń jókòó sí báyìí, wọ́n á di irin ẹ̀yìn mú gírígírí, wọ́n á sì dijú. Bíárìn náà wà nínú agolo lójú fèrèsé wọn, ó ń dán. Tí àlejò bá dé, wọ́n á nawọ́ sí i: “Ọmọ mi ọkùnrin ló rà á.” Èmi tí mo ń bá wọn pe ọlọ́kadà láràárọ̀, ṣe ni mo máa ń wọlé lọ kí wọ́n má baà rí ojú mi.