Fọ́ìlì Inú Páálí Sìgá

Láàárọ̀ yìí, mẹkáníìkì mi ní ibùdókọ̀ Benson ṣí páálí sìgá rẹ̀, ó fa fọ́ìlì, bébà dídán inú rẹ̀, yọ, òórùn ọ́ìlì jíjóná ibẹ̀ sì gbé mi padà sí ọ̀sán ọjọ́ kan nígbà èwe mi.

Mo jókòó ti màmá mi ní ìsọ̀ onípáàtì. Lọ́rì ni màmá mi fi ń kó ìrẹsì láti Ìmọ̀ta lọ sí Ẹ̀pẹ́, wọ́n sì ti tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ palẹ̀. A ti gbé kírańkì rẹ̀, irin tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì, lọ lọ̀, ó ti tín-ín-rín sí i, bíárìn tó nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ló yẹ ẹ́. Onípáàtì kò ní in. Sáìsì àtijọ́ ló kó síwájú wa, àwọn awẹ́ irin tó dà bí ẹ̀gbà ọwọ́ tí a là sí méjì.

"Ìyá Bọ́lá," ni onípáàtì wí, "ẹ jẹ́ ká fi fọ́ìlì sìgá tẹ́ ẹ lẹ́yìn kó lè fún mọ́ kírańkì. Gbogbo èèyàn ló ń ṣe é."

Màmá mi yí awẹ́ kan padà, wọ́n ka nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n tì í padà sí i.

"Lọ wá sáìsì mi. Mo máa dúró."

A dúró títí ebi fi ń pa mí. Mo bínú sí wọn, mo rò pé agídí lásán ni. N kò tíì mọ̀ nígbà náà pé irú fọ́ìlì bẹ́ẹ̀ ló wà nínú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi tó kú mọ́ bàbá mi lọ́wọ́ nínú ìjì, lórí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́.

"Màdáámù," ni mẹkáníìkì mi wí láàárọ̀ yìí, ó na fọ́ìlì náà sí ẹ̀yìn bíárìn ọkọ̀ mi, "gbogbo èèyàn ló ń ṣe é."

Mo fa bẹ́ǹṣì rẹ̀ sún mọ́ ara mi, mo jókòó.

"Lọ wá sáìsì mi. Mo máa dúró."