Orin Sípáníìṣì Lórí Ebè Àna Mi

Láti Òmù-Àrán títí dé Èsìẹ́, ẹ wá ẹlòmíì tó ń kọ orin Sípáníìṣì, kí ẹ mú un wá bá mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń dúró, ẹnikẹ́ni ò tíì yọjú. Ìwé mẹ́fà tí wọ́n ń wí yẹn, n ò kà á dé mẹ́fà. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti di máìkì mú, àwọn tó kàwé débi tí ìwé parí sí á gbé àga wọn sún mọ́ mi. Mi ò ṣe fọ́nńté. Ẹ béèrè.

Inú rédíò ni mo ti rí iṣẹ́ mi. Ọ̀dọ́ ni mí nígbà náà, mò ń tẹ̀lé ọkọ̀ akóṣu. Mo ra rédíò tòkunbọ̀ kan, kásẹ́ẹ̀tì kan sì há sínú rẹ̀ tí kò ṣeé yọ. Ọkùnrin kan ló ń kọrin níbẹ̀, ní èdè tí n ò gbọ́ rí. Mo rò pé Faransé ni. Dírẹ́bà wa, tó ti gbé Kútọnu rí, ní irọ́ ni. Àgùnbánirọ̀ kan tó ń gbé àdúgbò wa ló wá sọ pé Sípáníìṣì ni. Nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì ò ti ṣeé yọ, òun ni mò ń gbọ́ láàárọ̀, òun ni mò ń gbọ́ nírọ̀lẹ́, títí tí mo fi mọ gbogbo rẹ̀ tán, títí kan ibi tí ọkùnrin yẹn ti ń mí kanlẹ̀.

Ibi ìsọmọlórúkọ kan ni mo ti kọ́kọ́ kọ ọ́ níta. Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín. Tíṣà kan dìde, ó ní, "Ìyẹn kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì o!"

Mo ní, "Tíṣà, ṣé mo sọ fún yín pé Gẹ̀ẹ́sì ni?"

Nígbà tí wọ́n rẹ́rìn-ín tán, wọ́n ní kí n tún un kọ. Bí iṣẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n ń pè mí sí Ìgbàjà, wọ́n ń pè mí sí Ìsánlú-Ìsin. Àwọn ọmọ wa tó bá ti Èkó wálé á ní àwọn ò rí irú rẹ̀ l'Ékòó. Níbo ni wọ́n ti fẹ́ rí i?

Nígbà tí fóònù olójú ńlá dé, ọmọbìnrin mi bá mi wá ọkùnrin inú kásẹ́ẹ̀tì náà rí. Ó ti darúgbó, irun rẹ̀ ti funfun, ó sì tún wọ ṣẹ́ẹ̀tì pupa fòò. Ọmọ mi ń túmọ̀ ìtàn ayé rẹ̀ fún mi. Ọmọ apẹja ni. Bàbá rẹ̀ ní kó wá máa fa àwọ̀n, ó kọ̀. Ohùn rẹ̀ lọ nígbà kan, wọ́n ní ó ti tán, ó tún padà wá. Mo ní, "Tún ibi tó ti kọ̀ yẹn kà fún mi."

Ìyá ọmọ yìí ti ṣaláìsí. Mo dá gbé fún ìgbà pípẹ́ kí n tó pàdé obìnrin aránṣọ kan tí ọkọ tirẹ̀ náà ti kú. Àgbẹ̀ ni bàbá rẹ̀ ní Àrán-Ọ̀rin, mùsùlùmí tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣeré. Mo lọ kí i.

"Ìwọ lò ń kọ orin tí kò lórí tí kò nídìí yẹn?"

"Èmi ni, bàbá."

"Àgbà bíi tìẹ!"

"Ara ló dàgbà, bàbá. Ohùn ò tíì gbọ́."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Fi orin yẹn sílẹ̀ kí o mú ọmọ mi, tàbí kí o mú orin rẹ kí o máa lọ."

"Bàbá, méjèèjì ni mo fẹ́."

Ó wò mí látòkè délẹ̀. Ó ní láyé àtijọ́, ẹni tó bá fẹ́ ọmọ wọn á kó ẹgbẹ́ rẹ̀ wá ṣọ̀wẹ̀ lóko àna. "Kó ẹgbẹ́ rẹ wá. Ẹ kọ ebè sí ilẹ̀ ìsàlẹ̀ odò mi tán kí oòrùn tó wọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbọ́ orin yẹn lórí ilẹ̀ mi, o ò ní fẹ́ ọmọ mi. Wàláhì."

Obìnrin náà sìn mí síta. Ó ní, "Èwo ló máa wúwo jù fún ọ, ọkọ́ ni àbí dídákẹ́?"

Mo ní, "Dídákẹ́ ni."

Ẹgbẹ́ mi ti di onítan ńlá, onínú ńlá. Onígbàjámọ̀ wà níbẹ̀, ẹni tó ń mọ búlọ́ọ̀kù wà níbẹ̀, olówò ewúrẹ́ náà wà níbẹ̀. Gbogbo wọn ló ti ń gberin lẹ́yìn mi láti ìgbà ọ̀dọ́ wa. A bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìdákẹ́jẹ́. Bàbá jókòó sábẹ́ igi èmí, ó ń wò wá.

"Ìyàwó tìrẹ," onígbàjámọ̀ ní, "ẹ̀yìn tiwa!"

Ọ̀wẹ̀ tí kò lórin, ìyà ni. Nígbà tí oòrùn dé àtàrí, wọ́n ti ń fara ti ọkọ́. Olówò ewúrẹ́ gbé orin ọ̀wẹ̀ ti àwọn bàbá wa, ó há mọ́ ọn lẹ́nu níbi ìlà kejì, nítorí ìgboro ló gbà wá lọ́wọ́ oko. Orin kan ṣoṣo ló wà tí gbogbo wa mọ̀ dópin.

Ilẹ̀ tó kù pọ̀. Mo rò ó: bí mo bá dákẹ́, a ò ní parí, mo pàdánù ìyàwó. Bí mo bá kọrin, mo pàdánù ìyàwó. Bó bá máa bọ́ lọ́wọ́ mi náà, kó bọ́ níbi tí mo ti la ẹnu mi sílẹ̀.

Mo gbé e.

Wọ́n gbè é. Àfi bí ẹni pé wọ́n da omi tútù sí wọn lára. Gbogbo ọkọ́ ń lọ sókè lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ń bọ̀ wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bàbá dìde, ó ń ju ọ̀pá sókè pé ká dákẹ́. Mo fi ohùn kún un. Ebè tó kẹ́yìn parí, oòrùn ṣì wà lókè igi.

Àwọn obìnrin ilé ti gbé iyán dé. Bàbá rìn tọ̀ mí wá.

"O kọ ọ́."

"Mo kọ ọ́, bàbá."

"Kò síyàwó."

Mo gbé ọkọ́ mi kọ́ èjìká. "Ẹgbẹ́, ó yá, ká máa relé."

Onígbàjámọ̀ ń wo ẹran ìgbẹ́ inú ọbẹ̀. "Láìjẹun?"

"Oúnjẹ àna ni. Wọ́n ní a kì í ṣe àna."

Ojú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣomi, ṣùgbọ́n òun ló kọ́kọ́ yí ẹ̀yìn padà. Nílẹ̀ wa, ẹni tí àwọn èèyàn bá ṣọ̀wẹ̀ fún tí wọ́n sì lọ pẹ̀lú ebi, tó bá tún pe ọ̀wẹ̀, ẹyẹ ni yóò dá a lóhùn. Àwọn tó ń ti oko bọ̀ ti dúró lójú ọ̀nà. Ìyá arúgbó kan béèrè sókè pé, "Ṣé wọn ò fún wọn lóúnjẹ ni?"

Bàbá gbọ́. "Ẹ padà wá jẹun!"

Mo yíjú padà. "Ta ló ń pè wá, bàbá? Ṣé bàbá ìyàwó ni, àbí olóko?"

Ó wo àwọn tó dúró lójú ọ̀nà. Obìnrin mi dúró pẹ̀lú ìgbakọ lọ́wọ́. Ó ní, "Bàbá, iyán ń tutù o."

"Bàbá ìyàwó ni!" Bí ó ṣe sọ ọ́, ó tún jókòó. "Ẹ jókòó, ẹ̀yin aláriwo."

A jẹ iyán yẹn bí ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀. Láàárín oúnjẹ, bàbá fẹnu mọ́ mi létí. "Kí ni orin náà tilẹ̀ ń sọ?"

"N ò mọ̀, bàbá."

"O ò mọ̀!"

"Ebè yín ò béèrè."

Títí dòní, bàbá ò tíì yìn mí. Ọmọ mi ní fóònù òun lè túmọ̀ orin náà, mo ní kó fi fóònù rẹ̀ sápò. Ṣùgbọ́n nígbà tí àkókò ebè tún dé, bàbá ránṣẹ́ pé kí n kó ẹgbẹ́ mi wá, kò sì dárúkọ orin. Mo ní kí ìránṣẹ́ náà sọ fún un pé ọ̀fun mi ti ṣetán, kí wọ́n máa gún iyán.