Ìtàn Òòyì Bàbá Mi Tí Mo Gé Kúrú

Káfíńtà ni bàbá mi, kò sì sí ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa sọ tí wọn ò ní bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí igi ṣì wà nínú igbó. Bí o bá bi wọ́n pé níbo ni kọ́kọ́rọ́ wà, wọ́n á kọ́kọ́ sọ ẹni tó ra àgádágodo fún ọ. Èmi ò ní sùúrù rárá. Ẹ má bú mi, bí wọ́n ṣe bí mi nìyẹn.

Ìgbà tí òòyì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn ni ọ̀rọ̀ wá di wàhálà. Lọ́jọ́ kan wọ́n ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń la pákó, díẹ̀ ló kù kí ọwọ́ wọn kan eyín rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fárígá: bí òòyì yìí ò bá lọ kí oṣù tó parí, òun máa ta ẹ̀rọ náà.  Bàbá mi kàn mú àkísà, wọ́n ń nu ẹ̀rọ náà bí ẹni ń nu ojú ọmọ. Àánú wọn ṣe mí gan-an.

Dókítà mẹ́ta la ti rí. Ti àkọ́kọ́ ti kọ oògùn tán kí bàbá mi tó fìdí kan àga. Èkejì ń tẹ fóònù, ó ń sọ pé "ẹ̀n-ẹ́n, ẹ̀n-ẹ́n," kódà lẹ́yìn tí bàbá mi ti dákẹ́. Ẹ̀kẹta kọ oògùn bíi tàwọn méjì yòókù, ó ní ọjọ́ orí ló fà á.

"Ọjọ́ kan náà ni wọ́n bí orí mi àti orúnkún mi," bàbá mi dá a lóhùn. "Kí ló dé tí òòyì ò kọ́ orúnkún?"

Nígbà tí a fẹ́ lọ sọ́dọ̀ ẹ̀kẹrin, mo ní ó tó gẹ́ẹ́. Mo mú bíró, mo gé gbogbo ìtàn náà sí ìlà mẹ́ta, mo ní kí wọ́n há a sórí. Wọ́n ní ó ku nǹkan kan. Mo ní kò ku nǹkan kan.

Obìnrin kúkúrú kan ni dókítà yìí, yàrá rẹ̀ há débi pé orúnkún mi ń kan tábìlì. Bàbá mi dúró ṣánṣán, wọ́n ka ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bí ọmọ iléèwé. Dókítà gbé bíró rẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ ṣeun, Bàbá. Ta ló kọ ọ́ fún yín?"

Wọ́n nawọ́ sí mi láìwẹ̀yìn.

"Ó dáa. Ẹ wá sọ tiyín báyìí."

Yéè! Mo mọ̀ pé a ti wọ gàù. Bàbá mi fa àga mọ́ra, wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀gá tó kọ́ wọn níṣẹ́. Wọ́n dé orí ìgbéyàwó wọn. Nọ́ọ̀sì kanlẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì, àwọn tó wà níta ń kùn, dókítà ní kí wọ́n ṣe sùúrù. Kò wo aago rárá. Èmi ni mò ń wò ó.

Bí wọ́n ṣe dé orí pé káfíńtà gidi kì í da nǹkan nù, wọ́n yọ agolo ìṣó kan lápò, wọ́n mì ín. Oògùn ló ń dún nínú rẹ̀, funfun, pupa, yẹ́lò, gbogbo rẹ̀ dàrú mọ́ra. Oògùn dókítà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni, ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń lo ti gbogbo wọn pọ̀.

"Mi ò fẹ́ fojú kéré ẹnì kankan nínú wọn," bàbá mi ṣàlàyé.

Dókítà da oògùn sórí tábìlì, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn. "Bàbá, iṣẹ́ kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń ṣe. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n ń fà wálẹ̀, wọ́n sì ti fà á wálẹ̀ jù." Ó gba méjì, ó fi ọ̀kan sílẹ̀. "Ẹ má sún mọ́ ẹ̀rọ yẹn títí ẹ ó fi padà wá."

Nígbà tí a padà lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, òòyì ti lọ pátápátá. Dókítà ní wọ́n lè máa la pákó wọn lọ. Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí eyín ẹ̀yìn wọn fi hàn.

"Àmọ́ Bàbá," ni dókítà wí, "ṣé kò sẹ́ni tí ẹ sọ̀rọ̀ agolo yìí fún nílé ni?"

 Bàbá mi wojú mi, wọ́n wojú dókítà.

"Kò sí o. Mi ò rántí sọ ọ́."

A dé ìta, mo dá wọn dúró. Omi ti lé ròrò sí mi lójú. "Bàbá, ẹ mà sọ fún mi. Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ sọ ọ́, mo ní kí ẹ fi mí lọ́rùn sílẹ̀."

Wọ́n dì mí lọ́wọ́ mú.

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni," wọ́n ní.