Ère Tí Ọkọ Mi Ò Gbẹ́ Tán

Ìgbà tí ẹ̀yìn ríro ò jẹ́ kí ọkọ mi lè gbé ẹrù mọ́ níbi iṣẹ́ ẹ̀ ní Dagenham Dock ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ère. Bàbá ará Siri Lanka kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa ní Becontree ló kọ́ ọ. Ère Búdà ni bàbá náà máa ń fi igi gbẹ́ nínú ṣẹ́ẹ̀dì ẹ̀yìnkùlé ẹ̀. Inú bí mi, kí n má parọ́. Mo ní ọmọ Aládùúrà tó ń wọ sùtánà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ère ló wá kù tó fẹ́ máa gbẹ́ nílùú òyìnbó. Ó kàn rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé kóun jókòó kóun máa wo tẹlifíṣọ̀n ni.

Tó bá wọlé wá jẹun, á máa ṣàlàyé, yálà mo bi í tàbí mi ò bi í. Ó ní etí Búdà gùn torí pé ọmọ ọba ni tẹ́lẹ̀, wúrà tó wúwo ló ń fi sétí kó tó bọ́ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún tó fi kan ilẹ̀ yẹn, ilẹ̀ ló ń pè kó wá jẹ́rìí òun. Ojú ni wọ́n máa ń ṣe kẹ́yìn. Tí wọn ò bá tíì ṣe ojú ẹ̀, igi lásán ni. Mo ní kó jẹ ẹ̀bà ẹ̀ kó tó tutù.

Ọkọ mi ṣubú nínú báluwẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ká tó dé ọsibítù, ó ti tán. Mi ò sunkún. Gbogbo ara mi ló kú, bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí dókítà eyín fún lábẹ́rẹ́. Mò ń ká aṣọ, mò ń se omi tíì, wọ́n ń kí mi, mò ń dáhùn. Àwọn ọmọ mi kàn ń wò mí ṣáá.

Bàbá ará Siri Lanka gbé ère Búdà tí ọkọ mi ń gbẹ́ lọ́wọ́ wá fún mi. Ó ní ojú nìkan ló kù. Mo gbé e sórí tábìlì ní pálọ̀, mo lọ fọ abọ́.

Ìyá ìjọ kan tó wá bá mi gbálẹ̀ rí i, àyà ẹ̀ já, ló bá fi aṣọ funfun bò ó. Nílé ọ̀fọ̀ tiwa, fọ́tò olóògbé ló máa ń wà lórí irú tábìlì bẹ́ẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ dé tan àbẹ́là sí i. Ẹlòmíì gbé òdòdó síbẹ̀. Bàbá Ìjọ fúnra wọn dé, wọ́n kọjú sí i, gbogbo wa kúnlẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, wọ́n gbàdúrà gígùn. Ìyá ìjọ ń wúkọ́. Èmi náà mọ ohun tó wà lábẹ́ aṣọ, ó kàn rẹ̀ mí láti sọ̀rọ̀ ni.

Lẹ́yìn àmín, Bàbá Ìjọ ní kí wọ́n ṣí fọ́tò náà. Wọ́n ṣí i. Ère Búdà ló jókòó síbẹ̀.

Ẹnu Bàbá Ìjọ ló kọ́kọ́ là. Wọ́n ní kí nǹkan yẹn jáde nílé lónìí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìjọ ò ní yọjú síbi ìsìnkú lọ́jọ́bọ̀. Ta ló máa wá kọrin fún ọkọ mi níbi sàréè? Ohun tó sì gbẹ́ kẹ́yìn láyé ẹ̀ nìyẹn.

Mo ní, “Bàbá, kò tíì lójú. Igi ni. Ọkọ mi ló gbẹ́ ẹ.”

Wọ́n ní kí n má ṣèyọnu, àwọn á bá mi gbé e síta. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n di ọwọ́ tó kan ilẹ̀ yẹn mú. Wọn ò gbé e. Wọ́n ń wò ó.

“Ìka ẹ̀ nìyí,” Bàbá Ìjọ sọ ọ́ jẹ́jẹ́.

Gbogbo wa sún mọ́ ọn. Ìka tó kéré jù lọ́wọ́ ère náà tẹ̀ kọdọrọ wọnú. Àpótí ẹrù ló já lu ìka ọkọ mi níbi iṣẹ́ nígbà kan, kò nà mọ́ láti ìgbà náà, gbogbo ẹni tó bá ti bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì ló mọ̀ ọ́n. Kò sí Búdà kankan tó nírú ìka bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ara ẹ̀ ló ń wò tó fi ń gbẹ́ ẹ.

Bàbá Ìjọ fi í sílẹ̀. Wọ́n ní kí n gbé e wọ yàrá mi, pé àwọn ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀. Wọ́n wá bàtà wọn lọ.

Mo di ìka yẹn mú. Igi ni, ó tutù. Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ọkọ mi ti kú, ni mo bá ké.