Ohun Funfun Inú Oko Ẹ̀gẹ́

Ẹ má bi Abdulhakeem, àbúrò mi, ìdí tó fi ń tún fáànù ṣe ní Ìjẹ̀bú-Òde báyìí. Èmi Kúbúrátù ni kí ẹ bi. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹnu tèmi yìí ló sì fà á.

Ilé-iṣẹ́ kan tó ń wọn ilẹ̀ ló gbà á tẹ́lẹ̀, sídìí kámẹ́rà tó ń rí ooru. Ohunkóhun tó bá gbóná, ì báà jẹ́ ewúrẹ́, ì báà jẹ́ èèyàn, á hàn funfun nínú rẹ̀ láti máìlì méjì, kódà nínú òkùnkùn. Bó bá gbé kámẹ́rà méjì síbi tó jìnnà síra, kọ̀ǹpútà á pa àwòrán wọn pọ̀, á wá fi hàn bí nǹkan náà ṣe jìnnà tó, bó ṣe ga, bó ṣe gùn, àfi bíi kéèyàn fọwọ́ kàn án. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ojú òfófó ló ń tà. Á kàn rẹ́rìn-ín.

Lásìkò ọyẹ́ tó kọjá, Bàbá wa sọnù ní Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin. Ìgbàgbé ti ń dà á láàmú. Ó jáde nírọ̀lẹ́, kò padà. Abdulhakeem tọrọ kámẹ́rà lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀. Bí a ṣe kírun àsùbáà tán, ó ti gbé ọ̀kan sórí mọ́ṣáláṣí, èkejì sórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ilé ìwé.

Nǹkan funfun kan hàn láàárín oko ẹ̀gẹ́.

“Àǹtí mi, ẹ jẹ́ kí n pa á pọ̀ ná. Ogún ìṣẹ́jú ni yóò gbà.”

“Ogún ìṣẹ́jú kẹ̀! Ṣé o ò mọ abà Màmá Mosúnmọ́lá tó wà nínú oko yẹn ni? Àná ni wọ́n yan gààrí níbẹ̀, ààrò wọn kì í tutù mọ́jú. Yí kámẹ́rà sọ́nà odò jàre!”

Ta ni kò mọ ààrò yẹn n'Ímùṣin? Ẹ̀gbọ́n ti sọ̀rọ̀, àbúrò gbọ́.

A wo ọ̀nà odò títí di aago mẹ́wàá. Òfo. Ìgbà náà ló tó pa àwòrán àárọ̀ pọ̀. Ààrò náà yọ lóòótọ́, ó rí roboto, ó kúrú. Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ká orúnkún sáyà. Yéè! Mo sáré débi pé bàtà mi já.

Òtútù ló lé Bàbá débẹ̀. Mo fọwọ́ kan ààrò, ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo fọwọ́ kan Bàbá, ó ti tutù.

Abdulhakeem kò bá mi wí. Ì bá tiẹ̀ bú mi! Ó dá kámẹ́rà padà, ó fiṣẹ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, mo bá a ní yàrá tó ń wo àwòrán àárọ̀ yẹn. Mo ní kí ló tún ń wá níbẹ̀. Ó yí kọ̀ǹpútà sí mi. Lásìkò tí mò ń pariwo odò gan-an, ọwọ́ Bàbá nà sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, ó dúró díẹ̀, ó wá balẹ̀.