Bàbá Tó Kí Wa Lórí Yìnyín

Ẹ má rò pé ìtàn lásán ni mo fẹ́ pa fún yín. Ọ̀sán gangan ni ohun tí mò ń sọ yìí ṣẹlẹ̀, oòrùn ń ràn, inú mi sì ń dùn. Mi ò mutí, mi ò sùn. Èmi àti àbúrò ìyàwó mi la jọ rí i.

Houston ni mò ń gbé láwọn ọdún 1980 wọ̀nyẹn. Ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ epo kan, lẹ́bàá freeway, títì márosẹ̀ tó lọ sí ìlú Katy, ni mo ti ń ya àwòrán páìpù. Ooru ìlú náà ò kéré, síbẹ̀ yìnyín orí òkè ló gbà mí lọ́kàn. Gbogbo ìwé tí láíbìrì ní nípa rẹ̀ ni mo kà tán. Mo mọ ìdí tó fi máa ń ya lulẹ̀ tó sì máa ń sin èèyàn láàyè.

Mo tiẹ̀ fi bó ṣe máa ń ya han àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì nínú apartment wa. Mo tẹ́ ṣúgà sórí tíréè bí ìsàlẹ̀ yìnyín tí kò dì, mo da gàrí tí mo wọ́n omi sí lé e, mo wá ń gbé etí tíréè náà sókè díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ìdagẹ̀rẹ́ rẹ̀ dé dìgírì méjìdínlógójì, gbogbo gàrí náà ya lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó di orí kápẹ́ẹ̀tì.

"Bàbá Táyọ̀," ìyàwó mi ní, "ṣé yìnyín náà ló máa wá gbá a?"

Ní oṣù kẹrin ọdún kan, èmi àti Láńre, àbúrò ìyàwó mi, wa mọ́tò fún ọjọ́ méjì lọ sórí àwọn òkè Colorado. Ìyàwó Láńre wà nínú oyún. Mo ti ṣèlérí fún un pé màá dá ọkọ rẹ̀ padà fún un bí mo ṣe gbà á.

Òfin àsìkò yẹn kò lọ́jú pọ̀. Lóru, yìnyín á dì gbagidi. Láàárọ̀, ẹ lè rìn lórí rẹ̀ bí orí síméńtì. Tí oòrùn bá ti pa á, omi á wọnú rẹ̀ lọ, ìsàlẹ̀ á rọ̀, gbogbo rẹ̀ á sì máa wá ọ̀nà àtiya. Kó tó di aago mẹ́wàá, ẹ ti gbọ́dọ̀ kúrò ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè.

Láàárọ̀ ọjọ́ tá a fẹ́ gbéra nínú àgọ́ wa, Láńre wá gbé ẹ̀wà kaná.

Ẹ gbà mí gbọ́, ẹ̀wà kì í jinná bọ̀rọ̀ níbi tó ga tó yẹn. Omi ibẹ̀ máa ń hó láì tíì gbóná tó. Aago mẹ́sàn-án lù, ẹ̀wà ṣì le bí òkúta wẹ́wẹ́. "Bọ̀ọ̀dá, ó ku díẹ̀," ló ń wí ṣáá. Aago mọ́kànlá ti kọjá ká tó gbéra.

Mo mọ̀ pé ó ti pẹ́ jù. Ṣùgbọ́n adágún kan wà ní òdìkejì gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà, mo ti ń wò ó lórí máàpù fún oṣù mẹ́ta. Mo yọ ike tí àwọn ọmọ ilé-ìwé fi ń wọn igun, mo wọn ibẹ̀. Dìgírì méjìdínlógójì géérégé.

Mo ní, "Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni. Jẹ́ ká lọ."

Ẹsẹ̀ wa kọ́kọ́ ń rì dé ọrùn ẹsẹ̀, kò pẹ́ ó dé orúnkún. Àwa ò tiẹ̀ bìkítà. Orin ṣọ́ọ̀ṣì là ń kọ, Láńre ń gbè, ohùn rẹ̀ ò sì dáa rárá.

"Ẹ kú ìrìn o."

Yorùbá ni o! Lórí òkè Colorado!

Bàbá arúgbó kan dúró níwájú wa, kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ. Bùbá àti ṣòkòtò òfì ló wọ̀, sálúbàtà ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ẹnu wa là sílẹ̀, a kàn ń wò ó.

Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kí àgbà nílé yín?"

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ dọ̀bálẹ̀," Láńre sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Òun ti wà nílẹ̀. Èmi náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja, tòun ti ẹrù tí mo pọ̀n. Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn.

Etí mi kan yìnyín. Mo gbọ́ omi tó ń ṣàn lábẹ́ wa, bí ẹ̀rọ omi tí ẹnì kan gbàgbé láti tì. Lẹ́yìn náà, "wùmù!", ìró kan ṣoṣo, bí ìgbà tí èèyàn kan tó sanra jókòó lé tìmùtìmù. Mo ti kà nípa ìró yẹn. Ìsàlẹ̀ yìnyín ló ń wó.

Mo gbójú sókè. Kò sẹ́ni kankan. Ipa ẹsẹ̀ kankan ò sí níbi tí Bàbá náà dúró sí.

"Láńre, rọra dìde. Ibi tá a tẹ̀ wá ni kó o tẹ̀ padà. Má sáré."

"Bàbá yẹn ńkọ́?"

"Má wẹ̀yìn."

A ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ẹ̀yìn àpáta ńlá kan létí ibẹ̀ ni. Ìlà kan là gbọọrọ lókè, gbogbo gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà sì ya lulẹ̀, ariwo rẹ̀ dà bíi ti rélùwéè. Nígbà tí eruku funfun rẹ̀ rọlẹ̀, Láńre bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà bú sẹ́rìn-ín. A dì mọ́ra, a jó, a ṣubú, a tún dìde jó. Mi ò tíì yọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Nígbà tá a padà délé, mo sọ fún ìyàwó mi pé áńgẹ́lì ni Bàbá náà, pé ó wá gbà wá ni. Láńre ṣe àmín. Ìyàwó mi wò ó, ó wò mí.

"Bàbá Táyọ̀, níbo lẹ dọ̀bálẹ̀ sí?"

"Ojú ibi tó ya yẹn gan-an."

"Ta ló wá ní kẹ́ ẹ sùn sílẹ̀ níbẹ̀?"

Èmi àti Láńre wo ara wa. Títí dòní, mo ṣì ń bi ara mi bóyá ó wá gbà wá ni, àbí ó wá dá wa dúró kí yìnyín lè bò wá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń lọ sórí òkè nígbà tí yìnyín ń yọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ti sọ̀kalẹ̀ kó tó di aago mẹ́wàá. Bí ẹnì kan bá sì fi èdè ìyá yín kí yín níbẹ̀, ẹ dá a lóhùn dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ má dúró.